Oṣù Wo Ni Kí N Wá Fọ Bàbá?

Ilé àwọn òṣìṣẹ́, Jámánì
Ọjọ́ ogún, oṣù Kejì, 1988

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo mọ̀ pé kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ ó ti jẹ ìrẹsì ọdún tí a fi ewé pọ́n tán, ẹ ó sì ti fọ ìkòkò rẹ̀ gbẹ. Mo kí yín náà. Ṣé ara yín le? Ṣé Bàbá Khang ṣì ń bá gbogbo àdúgbò ṣẹjọ́ lórí ẹ̀rọ omi? Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mo ní tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò bá pariwo, a ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Èmi wà dáadáa. Yìnyín ń bọ́ níta, èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé rèé. Ilé iṣẹ́ fẹ́ fún wa ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a fi wá wo ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nínú gbogbo ọdún márùn-ún tí a tọwọ́ bọ̀wé sí. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù tí a ó kọ oṣù tí a fẹ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ wọn kí oṣù Karùn-ún tó parí. Oṣù tí mo bá ti kọ, òun náà ni. Ìyá, oṣù wo ni kí n wá?

Ìyáàfin Lohse, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, lọ yá ìwé kan tó sọ nípa ìlú wa. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ mi, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Ó ní ìwé sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dé Hai Phong láti oṣù Keje sí ìkẹsàn-án nítorí ìjì òkun, kí ó má sì dé ibẹ̀ ní oṣù Kejì àti ìkẹta nítorí òjò winniwinni tó ń mú ògiri làágùn. Ó ní ìparí ọdún ló dáa jù, ilẹ̀ á gbẹ, oòrùn ò ní mú. Mo ní ohun tó wà lọ́kàn tèmi náà nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe torí oòrùn.

Mo ṣàlàyé fún un pé ìparí ọdún yìí ni bàbá mi máa pé ọdún mẹ́ta nílẹ̀. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, bí òkú bá ti lo ọdún mẹ́ta, tí òtútù dé tí ilẹ̀ gbẹ, ẹbí á hú u, wọ́n á fi omi olóòórùn dídùn fọ eegun rẹ̀, wọ́n á tò ó sínú àpótí amọ̀ kékeré, wọ́n á wá gbé e lọ sí ilẹ̀ tí kò ti ní kúrò mọ́. Obìnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán ló tó bi mí pé, “Ìwọ náà lo máa fọwọ́ ara rẹ fọ̀ ọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó kú. Oṣù méjì péré ni mo ti kúrò nílé. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ló lò nínú ilẹ̀ kí ẹ tó sọ fún mi. Nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn, lẹ́tà mẹ́ta lẹ kọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sì kọ ọ́ sí pé “bàbá rẹ ń kí ọ.” Mo ti dárí jì yín. Irọ́ ni, kò tíì tán lára mi. Ẹ jẹ́ kí n wá fọ̀ ọ́. Ẹ tètè dáhùn, mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Thoa


Hai Phong
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, 1988

Thoa, ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò lọ́nà, àfi bíi pé ẹsẹ̀ ló fi rìn. Gbogbo wa wà dáadáa. Bàbá Khang ní kí n sọ fún ọ pé òun ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi, ìwé ìpín ìrẹsì ló kàn báyìí.

Ta ló rán ọ pé kí o lọ máa sọ ọ̀rọ̀ eegun fún òyìnbó? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sá fún ọ nídìí iṣẹ́ ni? Ọ̀rọ̀ ilé, ilé là á sọ ọ́.

Ní ti oṣù tí o máa wá, kí lo ń rò sí? Wá bá wa ṣọdún, kí o wá ní oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo ẹbí á wà nílé, òdòdó píìṣì á ti tanná, kò sẹ́ni tí kò ní rí ọ. Tàbí kí o wá ní oṣù Kẹfà, nígbà tí èso vai bá pọ́n lórí igi, o mọ bí o ṣe máa ń jẹ ẹ́ títí inú á fi máa run ọ́. Àmọ́ oṣù Kejìlá yẹn, mi ò fẹ́. Òtútù á ti wọlé, afẹ́fẹ́ àríwá á máa gé ni létí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n sì ń fọ eegun, ọ̀fun rẹ kì í sì í gba òtútù láti kékeré. Bàbá rẹ kò sá lọ síbì kankan. Bàbá Khang á ṣe é, àbúrò mi á fọ̀ ọ́, o ó sì bá àpótí níbi tó dáa.

Tí o bá ń bọ̀, bá mi ra òwú aláwọ̀ búlúù tí mo lè fi hun ẹ̀wù, àti ọṣẹ. Bàbá Khang ń fẹ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́. Máa jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ


Jámánì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 1988

Ìyá,

Ẹ kú ilé. Inú bí mi, ẹ má wulẹ̀ wá ìkíni gígùn nínú lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ kẹrin oṣù yìí ni lẹ́tà yín tó dé. Mo ti dá fọ́ọ̀mù padà láti ìparí oṣù tó kọjá. Oṣù Kejìlá ni mo kọ sí i. Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ òfurufú wa máa gbéra, tí a ó padà ní ọjọ́ ọgbọ̀n. Ó ti parí, òǹtẹ̀ ti wà lórí ẹ̀.

Ẹ ní ọ̀fun mi ò gba òtútù. Ìyá! Inú yìnyín ni mo ń gbé! Lánàá nìkan ni mo tó bọ́ ẹ̀wù òtútù sílẹ̀, oṣù Kẹfà rèé o. Mo ka lẹ́tà yín fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ yín. Tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fi èso vai tan ènìyàn, nǹkan kan wà tí ẹ ń gbé pamọ́.

Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́ ni? Ṣé ẹ ti kó o kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn mi, tí ẹ tún ń wá ọgọ́rùn-ún ọjọ́ mìíràn tí ẹ ó fi sọ fún mi? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí. Mi ò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ láti ìsinsìnyí títí di oṣù Kejìlá kí n máa rò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rán ìka ara mi mọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì.

Thoa


Hai Phong
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje, 1988

Thoa,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, inú bí mi sí ẹnu rẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sunkún. Jọ̀ọ́, fi òróró pa ìka yẹn.

A ò tíì fọ̀ ọ́. Iwájú pẹpẹ rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí, tùràrí ń jó, mi ò lè purọ́ níbẹ̀. Bàbá rẹ wà níbi tí a gbé e sí.

Òótọ́ tí o ń béèrè rèé. O rántí Ìyá Suu, aládùúgbò wa, tí ọkọ rẹ̀ àti bàbá rẹ jọ ń gbé ẹrù ní èbúté. Ọkọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ní ìparí ọdún tó kọjá. Wọ́n yan ọjọ́, wọ́n pe ẹbí, wọ́n ṣí pósí. Ọkùnrin náà kò tíì parí. Èmi ni mo di fìtílà mú fún wọn, mi ò ní kọ ohun tí mo rí. Wọ́n dé e padà kíákíá, wọ́n da ilẹ̀ bò ó, títí di òní Ìyá Suu kò lè fẹnu kan ẹran. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ ló fà á, pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ púpọ̀ kó tó kú, ilẹ̀ kì í tètè rí i jẹ. Thoa, abẹ́rẹ́ yẹn náà ni bàbá rẹ gbà. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń gún un nítorí àyà rẹ̀. Ohun tó bá ṣe ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Tí a bá ṣí i tí kò tíì parí, a ò gbọdọ̀ tún ṣí i mọ́ fún ọdún méjì. Ìsinmi ẹyọ kan tí o ní á ti wọlẹ̀ lọ. O ó sì ti rí ohun tí kò yẹ kí ọmọ rí lára bàbá rẹ̀. Ojú tó fi sìn ọ́ lọ sí ibùdókọ̀ ni mo fẹ́ kí o máa rántí. Ìdí rèé tí mo fi ń pè ọ́ wá jẹ èso.

Ní ti ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn, òun ló ní kí n má sọ. Ó ní, “Tó bá gbọ́, á padà wá, wọn ò sì ní jẹ́ kó lọ mọ́.” Èmi kàn pa ẹnu mọ́ ni. Mo sì ń jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Lọ bẹ obìnrin ọ̀gá yín yẹn, kó bá ọ yí oṣù padà sí ọdún tó ń bọ̀. Kí bàbá rẹ pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ilẹ̀.

Ìyá rẹ


Jámánì
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹsàn-án, 1988

Ìyá mi,

Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Ó ká mi lára, àmọ́ mo dúpẹ́.

Mo lọ bẹ Ìyáàfin Lohse. Òun náà bá mi lọ bẹ àwọn tó wà lókè. Wọ́n ní ẹni tó bá yẹ oṣù rẹ̀, ó ti sọ ọ́ nù nìyẹn. Nítorí náà, oṣù Kejìlá ni, tàbí kí n má wá rárá. Tí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, pósí tí wọ́n ń ṣí ni mo ń rí.

Gbogbo ilé ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Yàrá ìdáná wa ti di ilé ẹjọ́. Ọ̀kan ní ilẹ̀ iyanrìn ló dáa jù, òmíràn ní bí òkú bá sanra ó máa ń pẹ́. Mo ní bàbá mi ò sanra, ṣé bàbá tìrẹ ni? Ìgbà tí a fẹ́ máa ja ìjà ni Ẹ̀gbọ́n Man dìde. Ará Nam Dinh ni, ó ti fọ òkú mẹ́rin rí. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ń pariwo? Ẹ bi ilẹ̀. Tí ìdérí pósí bá ti jẹrà, tí inú rẹ̀ ti ṣófo, ilẹ̀ tó wà lókè á jìn wọlé. Sàréè tó bá jìn ti parí. Èyí tó bá ṣì ga, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó. Ṣé ó jìn àbí ó ga? Ẹ kọ ọ́ sí mi bí ẹ bá ṣe rí i gan-an.

Ọmọ yín,
Thoa


Hai Phong
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá, 1988

Thoa ọmọ mi,

Mo lọ wò ó. Kò jìn. Ó ga bí ikùn aboyún.

Mo padà sílé. Mo sọ fún Bàbá Khang pé ó ti bàjẹ́ o, kí a tètè kọ̀wé sí ọmọ yìí pé kó má wá. Bàbá Khang gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá Thoa, ta ló ń da ilẹ̀ sí i?”

Mo ní èmi ni.

“Nígbà wo?”

Mo ní gbogbo ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù òṣùpá, tí mo bá gbé tùràrí lọ. Tí mo bá rí i pé ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, mo máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ erùpẹ̀ kan tàbí méjì lé e, mo máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba. Ṣé kí n máa wò ó kí sàréè ọkọ mi rí bíi ti ẹni tí kò lẹ́bí ni? Thoa, ọkùnrin yẹn ké tó bẹ́ẹ̀ tí ajá Ìyá Suu fi bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Ó ní, “Ilẹ̀ ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, o sì ń fi apẹ̀rẹ̀ dí i lẹ́nu!”

Ó ní kí n ka iye apẹ̀rẹ̀ tí mo ti dà. Mi ò mọ̀. Ó tó ogún, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Bóyá ó ti parí láti ìgbà ooru. Bóyá òjò ló kàn ń wọ́ erùpẹ̀ lọ. A ò lè mọ̀ mọ́, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba àmì jẹ́. Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é o, ọmọ mi. Mo rò pé ìtọ́jú ni.

Bàbá Khang ti ri ọparun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ṣá a lápá níbi tí ilẹ̀ dé lónìí. Mo ti búra pé mi ò ní da ìkúnwọ́ kan sí i mọ́. Tí ilẹ̀ bá kúrò níbi àpá yẹn kí o tó dé, ó ní a ó ṣí i. Tí kò bá kúrò, wàá kàn jó tùràrí, kí o padà. Ìjì ń bọ̀ lójú òkun báyìí, òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta.

Ìyá rẹ


Jámánì
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 1988

Ìyá,

Lẹ́tà yín dé lánàá. Èyí tí mo ń kọ yìí, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ dé ilé kó tó dé. Mo mọ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe ni. Àpò mi ti dì, òwú yín wà níbẹ̀.

Mi ò bínú nítorí apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Man ló bínú, ó ní irú ìyàwó wo nìyí. Mo ní irú èyí tí òun náà máa gbàdúrà kí ọmọ òun fẹ́ ni.

Mi ò mọ ibi tí ilẹ̀ dé lára igi báyìí. Tí kò bá kúrò níbẹ̀ ńkọ́? Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń kú, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ín, tí n kò bá tún sí níbẹ̀ fún èyí, irú ọmọ wo ni mo wá jẹ́ fún un? Mi ò rẹ́ni bi níbí.

Thoa


Jámánì
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 1989

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò mi. Mo dé láyọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wà lójú ọ̀nà, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo padà sídìí ẹ̀rọ, Ìyáàfin Lohse sì dì mọ́ mi níwájú gbogbo ènìyàn. Kò bi mí ní nǹkan kan.

Àwọn ohun kan wà tí mi ò lè sọ lójú yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́. Nígbà tí ẹ mú mi dé ìdí igi yẹn tí ilẹ̀ fi ìka mẹ́rin kúrò níbi àpá, Bàbá Khang ní ó tó, ẹ̀yin ní kò tó, ẹ̀yin méjèèjì wá yíjú sí mi. Èmi ni mo ní kí a ṣí i. Mo ṣe bí ẹni tó gbóyà. Irọ́ ni, Ìyá. Mo ń rò ó pé tí mo bá ṣì í yàn, èmi ni màá bà á jẹ́ fún gbogbo wa.

Títí tí wọ́n fi fi irin gbé ìdérí yẹn, ẹ di bẹ́líìtì mi mú látẹ̀yìn bí ẹni tó di ewúrẹ́ mú lọ́jà. Bàbá Khang na fìtílà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí. Mo rò pé ayé ti parí. Ó wá ní, “Ó mọ́. Ó mọ́ tónítóní. Àbúrò mi Khoat, o kú iṣẹ́,” bí ẹni pé bàbá mi ń gbọ́. Ẹ jókòó sínú ẹrẹ̀ nígbà náà, ẹ ò lè dìde mọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ bi mí pé kí ni mò ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí mò ń fọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní àdúrà ni. Kì í ṣe àdúrà. Ìròyìn ni mò ń fún un. Mo ní Bàbá, mo dé láyọ̀, ọkọ̀ òfurufú ò dẹ́rù bà mí, yàrá wa móoru, àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ibẹ̀, wọ́n ti fi mí sídìí ẹ̀rọ tó dáa. Ohun tó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí i nìyẹn, tó dé lẹ́yìn tó ti kú. Eegun ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò bà mí lẹ́rù rárá, bàbá mi ni.

Ó ku ogún oṣù kí àdéhùn mi tó parí. Kò sí oṣù kankan tí mo lè yàn mọ́ nínú wọn. Nítorí náà, ẹ ṣe mí lóore kan. Tí nǹkan bá ń ṣe yín, ẹ kọ ọ́. Ẹ má ṣe kọ “gbogbo wa wà dáadáa” sí mi mọ́. Mo fẹ́ mọ̀, kódà tí mi ò bá lè wá.

Ọmọ yín,
Thoa


Hai Phong
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 1989

Thoa, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Bàbá Khang kà á, ó jáde lọ síta, ó ní èéfín tùràrí ló kó sí òun lójú. Kò sẹ́ni tó jó tùràrí lọ́jọ́ náà.

Ìgbà kejì rèé tí mo ń kọ ìdáhùn yìí. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pé gbogbo wa wà dáadáa. Mo fà á ya.

Lẹ́yìn ọdún, ní ọjọ́ kẹsàn-án, a ń tò fún ìrẹsì, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú. Nígbà tí mo la ojú, apá òsì mi ò gbọ́ tèmi mọ́, ẹnu mi sì ń fa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Mo lè di abọ́ mú báyìí, bọ́tìnnì ni mi ò tíì lè dè. Ìyá Suu ló ń bá mi di irun. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kí n má jẹ ẹja oníyọ̀ mọ́, kí n má gbé ohun tó wúwo. Ó ní ó lè tún wáyé. Mo bi í pé nígbà wo. Ó ní òun ò lè sọ, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i, ó lè jẹ́ oṣù tó ń bọ̀.

Má lọ bá wọn jà níbẹ̀, má sì sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò kọ ọ́ kí o lè wá. O ní kí n máa sọ, mo sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ̀rù ń bà mí, Thoa. Tètè kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ